Lórí Ọ̀rọ̀ Sẹ́kọ́ńdù Mẹ́jọ Ọjọ́sí

Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n, Abẹ́rẹ́ mi tí adìẹ kò lè gbé mì,

Mo kí ọ, ọmọ mi. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àdáwà, mo sì kí ọ kú ìbínú pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ ni ìbínú náà, ẹni tó gbé e ló ń rẹ̀. Kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle, kí oorun rẹ máa dùn, kí ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ tí o bá dúró pẹ́ ti fi ọ́ sílẹ̀. Èmi náà wà láàyè, mo ń jẹun, mo sì ń sùn. Eékún mi òsì nìkan ló ń ṣe bí ọmọ ọba. Kì í fẹ́ kí wọ́n rán òun níṣẹ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti gbọ́ràn.

Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Ìgbà mọ́kàndínlógójì ni. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé mò ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí o bá jẹ́ kó dún títí tó fi kú. Nígbà tí mo rí i pé ìlà ti fẹ́ dé ibi tí mò ń kọ́ aṣọ sí ni mo sọ fún ara mi pé kí n lọ ra bébà. Lẹ́tà kò ní bọ́tìnì tí èèyàn lè tẹ̀ kó pa á lẹ́nu mọ́. O lè fà á ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ. O ò lè fa ohun tí o kò tíì kà ya.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ, kó má di pé ọ̀nà méjì la gbà rántí ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Mo jókòó létí fèrèsé yàrá mi, mò ń gé èékánná ẹsẹ̀. O pè, ohùn rẹ sì dà bíi ti ẹni tó fi ẹ̀rín pamọ́ sẹ́nu. O ní, “Màmá, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́.” Mo ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe. O ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í mutí, kì í pariwo, awakọ̀ ni. Mo ní awakọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú, kí ló ń wà? O ní, “Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú ni, Màmá. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i?”

Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn kẹ́kẹ́ pa, o gé e. Mi ò tíì gbé fóònù kúrò létí tán tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ fi wọlé: “Mo kà á, Màmá. Sẹ́kọ́ńdù mẹ́jọ lẹ fi dákẹ́. Mo ti gbọ́ èsì yín.” Ẹni bíni là á jọ. Ìyá ń ka ìlà ṣọ́ọ̀kì, ọmọ ń ka sẹ́kọ́ńdù.

Èmi ní tèmi, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú ni mo ti rí ẹni tí màá di ẹ̀bi náà rù. Nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé yàrá kejì sí mi, mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta ọṣẹ, mo sọ ọ́ fún ara mi nínú dígí: mo dá ọmọ mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ló dá èsì mi dúró lọ́nà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń jọ òótọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà yí padà jẹ́ ibi iṣẹ́. O mọ̀ pé èmi ni mò ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè ẹni tó ń ta gíláàsì ojú. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ń gbá a kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nítorí pé mi ò rí ọjà kankan nílẹ̀ wọn, wáyà ṣáá ni. Ẹnjiníà wọn ló là mí lóye. Ọkùnrin gíga ni, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó máa ń tẹ orí ba tó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà, kódà ẹnu ọ̀nà tó ga jù ú lọ. Ó ní iṣẹ́ àwọn ni láti wọn iye àkókò tí ohùn fi ń rìn láti inú fóònù kan dé òmíràn, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ló sì ń sanwó fún àwọn pé kí àwọn wọ̀n ọ́n. Mo ní, “Ẹnì kan ń sanwó fún èyí?” Ó ní, “Owó tí wọ́n ń mú nínú ẹ̀ fún yín lóṣooṣù nìyẹn, Màmá.” Mo ní iṣẹ́ gidi ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Fóònù méjì ni. Ẹnjiníà sọ ọ̀kan ní Ọkọ, ó sọ ìkejì ní Ìyàwó. Ọkọ kì í kúrò lórí tábìlì ọ́fíìsì. Ìyàwó ní láti wà níbi tó jìnnà. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, Ọkọ á pe Ìyàwó, á sọ gbólóhùn kan tí wọ́n ti gbà sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó náà á sọ tirẹ̀ padà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ á kọ àkókò tó sọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó gbọ́ á kọ àkókò tó gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà á wá yọ èkínní kúrò nínú èkejì. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni iye àkókò tí ohùn fi rìn. Ìṣirò ìwé kẹta ni, ọmọ mi, wáyà ni wọ́n kàn fi yí i ká.

Ọ̀gá wa obìnrin, tí a ń pè ní Màdáámù Kíá lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀ mẹ́ta kí kíá má sí nínú ẹ̀, ní àwọn ń wá ẹni tó ń gbé ní ìpẹ̀kun ìlú tó lè máa tọ́jú Ìyàwó láti aago mẹ́wàá sí aago méjì lójoojúmọ́. Mo ní kí wọ́n má wá a jìnnà. Wọ́n ní wákàtí wákàtí ni àwọn á máa san án, aago inú Ìyàwó ni yóò sì sọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí mo parí. Mo ní kò burú. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ tó kù wé e, mo gbé e relé.

Nígbà tí mo gbé Ìyàwó sí ẹ̀gbẹ́ aago ara ògiri mi, mo rí i pé àwọn méjèèjì kò fẹnu kò. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ni. Mo bi Ẹnjiníà pé ta ló ń to aago inú fóònù yìí. Ó ní òun fúnra rẹ̀ ló ń to ara rẹ̀. Ìwọ náà wò ó: aago tó ń to ara rẹ̀, tí ẹnì kankan kò ṣọ́ ọ, òun ni wọ́n fẹ́ fi máa ka wákàtí iṣẹ́ mi! Mo wá ibi tí wọ́n ti ń tò ó nínú fóònù náà, mo pa títò-ara-ẹni rẹ̀, mo fi ọwọ́ mi tẹ nọ́ńbà wọlé, mo dúró títí ọwọ́ tín-ín-rín ara ògiri fi dé òkè téńté, mo sì tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, aago ògiri àti Ìyàwó jọ ń rìn ni. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wàhálà dé. Níbi gbogbo mìíràn tí wọ́n ti ń wọn ohùn, kí èèyàn tó ṣẹ́jú ló ti dé. Láti ọ́fíìsì dé yàrá mi nìkan ni ohùn Ọkọ ń lo sẹ́kọ́ńdù mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án! Tí Ìyàwó bá sì sọ̀rọ̀ tirẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà kì í kọ iye kankan síbẹ̀ rárá, ìlà kékeré kan ló máa ń fà, bí ẹni tó mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Gbogbo ọ́fíìsì fajú ro. Èmi nìkan ni mò ń gbálẹ̀ tí mò ń kọrin. Sẹ́kọ́ńdù mẹ́sàn-án, látinú yàrá mi, létí fèrèsé tí mo ti bá ọ sọ̀rọ̀! Ìwọ ka mẹ́jọ. Mo ní ìbínú ló jẹ ẹyọ kan tó kù. Mo lọ bá Ẹnjiníà, mo ní kó bá mi tẹ iye náà sórí bébà, kó lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ lé e lórí. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ẹjọ́ kan ló wà láàárín èmi àti ọmọ mi. Ó ní, “Ó ti dé kóòtù ni, Màmá?” Mo ní, “Tó bá jẹ́ kóòtù ni, ì bá ti tán.” Ó lù ú lóǹtẹ̀ fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí pé mo ní èyí àkọ́kọ́ kò hàn dáadáa.

Mo wá jókòó, mo kọ lẹ́tà kan sí ọ. Lẹ́tà náà le, ọmọ mi. Ó ní “ǹjẹ́ o ti rí i báyìí” níbi mẹ́rin. Mo ká bébà olóǹtẹ̀ sínú ẹ̀, mo fi sínú ẹnfilópù, mo ra sítáǹbù, mo lẹ̀ ẹ́. Ó ku kí n fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà kò jókòó. Ọkùnrin yẹn kò gbà pé ohùn lè pẹ́ lọ́nà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ó dé sí yàrá mi pẹ̀lú báàgì irin iṣẹ́, ó yọ síìmù Ìyàwó, ó fi òmíràn sí i. Mẹ́sàn-án. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní bóyá irin ara rẹ̀ ni. Mẹ́sàn-án. Ó ní irin fèrèsé ni, ó gbé Ìyàwó jáde síta, ó dojú báàkẹ́ẹ̀tì dé ilẹ̀, ó gbé e lé e. Mẹ́sàn-án. Nígbà tó yá ó fi ọ̀rá wé e, ó fi pẹ́ẹ̀gì há a sórí okùn tí a ń sá aṣọ sí, láàárín àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi méjì. Ẹni tó ń gbé yàrá kejì jáde, ó wò ó, ó ní, “Ẹ ti fọ fóònù náà ni?” Mo ní rárá, a kàn ń yan án ni. Mo sì rán Ẹnjiníà létí pé gbogbo wákàtí tó fi gbé bẹ́ẹ̀dì mi kiri yìí, wákàtí iṣẹ́ ni o.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Màdáámù Kíá pè é síwájú gbogbo èèyàn. Ó ní ọjọ́ kejì ni ilé iṣẹ́ fóònù ń retí èsì. Tí àwọn bá gbé irú iye báyìí lọ tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ojú á ti àwọn, iṣẹ́ náà á sì bọ́. Ó ní, “Wá ìdí ẹ̀ kíá, tàbí kí o wá iṣẹ́ mìíràn kíá.” Èmi gbọ́ ọ nítorí pé mò ń nu fèrèsé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo ní kí n máa bá fèrèsé mi lọ, nítorí pé bébà olóǹtẹ̀ mi dára bó ṣe wà.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ọjọ́ náà, tí mo ti padà sílé, Ẹnjiníà fi Ọkọ pe Ìyàwó. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni, Màdáámù sì jókòó tì í. Ohùn rẹ̀ ti gbóná. Ó ní, “Màmá, ẹ ti gbé Ìyàwó kúrò níbi tí mo gbé e sí.” Mo ní, “Èmi? Ọwọ́ mi ò tíì...” Ó ní, “Ẹ gbé e, Màmá, èmi ni mo...” Mo ní, “Má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi! Ìwọ tí o fi fóònù...” Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sá a!” Mo ní, “Láàárín àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi!” Ó ní, “Mi ò mọ̀ pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni!” Mo gbọ́ ohùn Màdáámù lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ kíá!”

Bí mo ṣe dákẹ́ ni ọpọlọ mi là. Mo ní, “Ẹnjiníà, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀?” Ó ní òun tọrọ àforíjì. Mo ní kì í ṣe àforíjì ni mo bèèrè. Mo ní, “Tó bá jẹ́ pé sẹ́kọ́ńdù mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ rẹ fi ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kí èébú kan tó kàn mí, ò bá ti bú mi lẹ́ẹ̀mẹta, èmi ì bá sì ti mu omi. Ta ló lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ta? Ìjà yìí já gaara jù fún nẹ́tíwọ̀kì tó bàjẹ́.” Màdáámù bú sẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, òótọ́ ni.”

Mo ní ta ló wá ń sọ pé mẹ́sàn-án? Ó ní kọ̀ǹpútà ni. Mo ní ìlà kékeré tó máa ń fà tí Ìyàwó bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó ní òun rò pé fóònù náà kò gbọ́ ni. Mo ní kó wò ó. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, tẹ́-tẹ́-tẹ́. Ó ní, “Ha.” Ó ní kọ̀ǹpútà ń rí iye kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye náà kéré sí òdo, ìdí nìyẹn tó fi ń jù ú nù. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Ìyàwó ń dé etí Ọkọ ní bíi sẹ́kọ́ńdù mẹ́sàn-án kí Ìyàwó tó la ẹnu. Màdáámù Kíá ní, “Kí ló burú níbẹ̀? Ọkọ tèmi náà máa ń sọ pé òun ti gbọ́ kí n tó sọ ọ́.”

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín létí mi, ṣùgbọ́n èmi ti ń ṣe ìṣirò. Ohun tó bá pẹ́ jù ní àlọ, tó sì yá jù ní àbọ̀, ìrìn rẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́, aago ẹni tó ń kà á ni. Mo gbójú sókè, mo rí aago ara ògiri mi. Òun náà ń wò mí.

Màá sọ òótọ́ fún ọ, ọmọ mi: mo ro ó bóyá kí n pa á mọ́ra. Ẹnfilópù rẹ wà lórí tábìlì níwájú mi, òǹtẹ̀ wà nínú ẹ̀, sítáǹbù wà lára ẹ̀. Tí mo bá panu mọ́, mo ti jàre rẹ títí ayé, o ò sì ní mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà lódìkejì fóònù tó fẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì nítorí aago tí mo rà lọ́wọ́ olówò tó ń kiri. Mo ní, “Ẹnjiníà, èmi ni mo to aago Ìyàwó. Mo fi ọwọ́ mi tò ó.” Ó ní, “Màmá! Èéṣe?” Mo ní kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ mi jẹ nínú wákàtí iṣẹ́ mi. Ó ní, “Ta ló fẹ́ rẹ́ yín jẹ?” Mo ní, “Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, ìdí tí mo fi ń ṣọ́ ọ nìyẹn.”

Kò bú mi. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ibi tí màá tẹ̀, mo dá títò-ara-ẹni padà fún Ìyàwó, Ọkọ sì tún pè. Ní àlọ, ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ńdù. Ní àbọ̀, bákan náà. Kí ojú tó ṣẹ́. Ẹnjiníà pariwo bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún. Màdáámù ní kí wọ́n ṣe é kíá kí kọ̀ǹpútà máa pariwo tí iye bá kéré sí òdo, dípò kó máa fa ìlà bí aláìmọ̀kan. Mo bi í bóyá wọ́n á yọ nínú owó mi. Ó ní rárá. Mo ní kó tún un sọ kí Ẹnjiníà gbọ́.

Nígbà tí wọ́n gé fóònù tán, yàrá mi wá dákẹ́. Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ Àìkú yẹn, létí fèrèsé kan náà. Ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ńdù ni ohùn fi ń wọ yàrá yìí, òun náà ló sì fi ń jáde. Mo gbé mẹ́jọ rẹ wá, mo yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ ní àlọ, mo yọ ọ́ ní àbọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù, ọmọ mi, èmi ni mo ni ín. Mi ò dá ọ lóhùn. O ò kà á ṣì.

Nítorí náà mo yọ lẹ́tà àkọ́kọ́ kúrò nínú ẹnfilópù, mo fi dá iná, mo sì ń kọ èyí. Ẹnfilópù náà kò yí padà; mi ò lè da sítáǹbù tuntun nù nítorí ìtìjú.

Ó tọ́ sí ọ kí o mọ ohun tí mo fi sẹ́kọ́ńdù wọ̀nyẹn ṣe. Ìdajì àkọ́kọ́, ìwà òmùgọ̀ ni. Mo rí ọkọ̀ gígùn yẹn níwájú ilé wa lọ́jọ́ tó bá wá kí mi, mo rí gbogbo ayálégbé tí wọ́n ká ọwọ́ lérí, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló kú, mo sì rí ara mi lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń ṣàlàyé pé àna mi ló wá jẹun ọ̀sán. Mo tiẹ̀ ti ń gbọ́ ẹnu ẹni tó ń ta ọṣẹ: “Àna yín mà gbádùn o, èrò ọkọ̀ tiẹ̀ kì í bèèrè ṣéńjì.”

Ìdajì kejì kò ní ẹ̀rín nínú. Bàbá rẹ ni mo rántí. Lọ́jọ́ tí a gbé òkú rẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn, èmi ni mo jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Ìwọ ń sùn lórí ẹsẹ̀ mi, o kò tíì tó ọmọ iléèwé. Ọ̀nà náà jẹ́ kìkì kòtò. Gbogbo kòtò tó bá dé ni ọkùnrin yẹn ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀, tó ń rọra gun jáde, bí ẹni tó ru ẹyin. Ara ń kan mí. Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ló ń falẹ̀ sí, ṣé ẹni tó wà lẹ́yìn mọ kòtò mọ́ ni? Kò bínú. Kò tiẹ̀ yíjú. Ó ní, “Ẹ̀yin ṣì mọ kòtò, mà.” Bó ṣe wà á lọ títí a fi débẹ̀ nìyẹn. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò wo ojú rẹ̀. Nígbà tí o bi mí pé ṣé mo fọwọ́ sí i, ibẹ̀ ni mo wà, mò ń wá ojú ọkùnrin náà kiri nínú orí mi, mi ò sì rí i. Kí n tó padà dé ìdí fóònù, o ti lọ.

Èsì mi nìyí o. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọwọ́ sí i, òun àti iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì. O ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò sì ní bi ọ́ bóyá òótọ́ ni, nítorí pé iṣẹ́ yẹn kì í gba oníwàdùwàdù. Ẹni tó lè rọra wakọ̀ fún èrò tí kò lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, mo lè fi ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n sì sùn. Mú un wá lọ́jọ́ Àìkú tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, kó gbé èyí tó bá wù ú wá, kí ẹnu wọn ya.

Ọlọ́run á tọ́jú yín. Ọ̀nà tí ẹ ó jọ rìn kò ní ṣe gbágungbàgun. Ibi tó bá sì ti ní kòtò, ẹ kò ní sáré bọ́ sínú ẹ̀. Ìwọ náà á bí ọmọ tó ń ka nǹkan, kí o lè mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ó pẹ́ fún ara yín, ẹ ó dàgbà lójú ara yín, n ó sì wà níbẹ̀ láti rí i.

Èmi ni, ìyá rẹ tó dákẹ́, tó sì ti sọ̀rọ̀ báyìí.

Mo tún rántí: bá mi wádìí bóyá ó ń jẹ ata, kí n lè mọ bí màá ṣe se ọbẹ̀. Má sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o bèèrè.